Òrùlé ni sátẹ́láìtì ń kà: ìdáhùn fún oníṣòwò kan ní Mọ́níyà

Ìbéèrè: Bàbá kan tí ó ń ta sìmẹ́ǹtì, ọ̀pá irin àti páànù ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, ni ó kọ̀wé sí wa. Ó ní ọmọ òun tí ó wà ní yunifásítì fi máàpù kan han òun lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n fi àwọ̀ sàmì sí ibi tí ilé pọ̀ sí àti ibi tí iná ń tàn sí lóru, ọmọ náà sì ní kí òun ti inú rẹ̀ wo ibi tí ó yẹ kí òun ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì sí. Bàbá wá béèrè pé: "Ṣé lóòótọ́ ni máàpù lè sọ bí àwọn ará ìlú ṣe ń gbé, nígbà tí a kò tíì ka èèyàn ní Nàìjíríà láti ọdún 2006? Bí ó bá sì lè sọ ọ́, báwo ni èmi tí n kò kọ́ nípa rẹ̀ yóò ṣe mọ ìgbà tí ó ń tàn mí jẹ?"

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, bàbá. Máàpù lè sọ púpọ̀ nípa ìlú, ọmọ yín kò sì ṣì yín lọ́nà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí ẹ mú dání kí ẹ tó gbé owó lé e ni pé kò sí máàpù tí ó rí ìlú fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹnì kan tàbí ẹ̀rọ kan ti kọ sílẹ̀ ni ó ń fi hàn, ẹni tí ó kọ ọ́ sì ní ohun tí ó ń wá nígbà tí ó ń kọ ọ́. Nítorí náà, kí a tó béèrè ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe ní àdúgbò kan, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó ka ohun tí à ń wò, ohun tí ó kà gan-an, àti àwọn tí kò kà mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá lè béèrè èyí kò nílò ìwé ẹ̀rí kankan kí ó tó mọ ìgbà tí máàpù ń tàn án.

Lọ́ńdọ̀nù ni àpẹẹrẹ tí àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ máàpù máa ń kọ́kọ́ kọ́ ti wá. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1854, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho, ó sì pa èèyàn tí ó lé ní 500 láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà gbà pé afẹ́fẹ́ tí ó ń rùn láti inú ìdọ̀tí ni ó ń fa àrùn yìí, ṣùgbọ́n John Snow, tí òun náà jẹ́ dókítà, gbà pé inú omi ni ó ti ń wá. Ó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń kọ orúkọ òkú sílẹ̀, ó gba àkọsílẹ̀ àwọn tí àrùn náà pa àti ilé tí oníkálukú wọn ń gbé, ó sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni ilé wọn kò jìnnà sí ẹ̀rọ omi kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà ní Broad Street. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án, àwọn alákòóso àdúgbò náà yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi ọ̀hún kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn ni Snow wá ya máàpù tí gbogbo ayé mọ̀, tí ó fa ìlà dúdú kékeré kan fún òkú kọ̀ọ̀kan sí iwájú ilé tí ó ti kú.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń parí ìtàn náà, ibi tí ó ti dùn jù sì ni wọ́n fò kọjá. Àwọn ojú ibi tí ìlà dúdú kò pọ̀ tàbí tí kò sí rárá lórí máàpù yẹn ni ó fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ Snow múlẹ̀. Ní Poland Street, tí kò jìnnà rárá, ilé ńlá kan wà tí ìjọba ń kó àwọn aláìní sí. Àwọn 535 ni wọ́n ń gbé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n márùn-ún péré ni onígbáméjì pa níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ikú ti gba àwọn ilé tí ó yí i ká. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, kànga tiwọn ni wọ́n ní nínú ọgbà. Ilé ìpọntí kan sì wà ní Broad Street gan-an, tí òṣìṣẹ́ ọkùnrin tí ó lé ní 70 ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí àrùn náà kò sì pa ìkankan nínú wọn, nítorí pé ọtí ni wọ́n máa ń fún wọn mu, ọ̀gá wọn sì sọ pé òun gbàgbọ́ pé wọn kì í mu omi rárá. Ní ìdàkejì, obìnrin opó kan kú ní Hampstead, ọ̀nà jíjìn sí Soho, níbi tí kò sí onígbáméjì kankan. Ẹni tí ó bá wo máàpù nìkan yóò sọ pé òkú ti Hampstead kò bá tibí tan. Ọmọ obìnrin náà ni ó sọ fún Snow pé ìyá òun fẹ́ràn omi Broad Street débi pé wọ́n máa ń gbé ìgò kan lọ fún un lójoojúmọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kan tí ó wá kí i mu nínú omi náà, ó padà sí ilé rẹ̀ ní Islington, òun náà sì kú.

Ẹ kíyè sí i pé àkọsílẹ̀ òkú ni ó sọ ibi tí ó yẹ kí Snow lọ fún un, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn èèyàn ni ó ti gbọ́ ìdí rẹ̀. Bákan náà, Snow fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ikú ti ń dínkù kí wọ́n tó yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ará àdúgbò ti sá lọ. Ẹni tí ó bá gbé máàpù síwájú yín tí kò sọ irú nǹkan báyìí fún yín, ẹ fura sí i díẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ kejì lọ́dún yẹn kò lókìkí tó ti àkọ́kọ́, lójú tèmi òun ni ó sì kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù. Ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ omi méjì ni wọ́n ń du oníbàárà lójú ọ̀nà kan náà, tí ilé kan lè máa gba omi Southwark àti Vauxhall (orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni), kí ilé tí ó kángun sí i máa gba ti Lambeth. Lambeth ti gbé ibi tí wọ́n ti ń fa omi lọ sí òkè odò Thames ní ọdún 1852, níbi tí ẹ̀gbin ìgboro kò dé, Southwark àti Vauxhall sì ṣì ń fà á láàárín ìlú. Snow fi iye ilé tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fún lómi wé iye òkú inú wọn. Ilé 40,046 ni ó ń gba omi Southwark àti Vauxhall, òkú 1,263 ni ó sì ti inú wọn jáde. Ilé 26,107 ni ó ń gba ti Lambeth, òkú 98. Bí a bá pín in, nínú ilé 10,000, òkú 315 ni ti àkọ́kọ́, 37 ni ti èkejì. Iye òkú nìkan kò bá tí tó láti fi jiyàn, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè sọ pé ilé ti àwọn yẹn ni ó pọ̀ jù. Nígbà tí ẹnì kan bá fi ibi tí nǹkan kan pọ̀ sí hàn yín, ẹ béèrè pé ó pọ̀ nínú mélòó. Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ máàpù tí ó ń fa ariwo kò ní ìdáhùn sí èyí, ibi tí èèyàn pọ̀ sí ni wọ́n kàn tún yà lẹ́ẹ̀kejì.

Ìlú New York fún wa ní irú ìtànjẹ mìíràn. Ní ọdún 2012, wọ́n ṣe òfin níbẹ̀ pé kí ìjọba ìlú máa gbé àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti lò. Ọ̀gbẹ́ni Ben Wellington, tí ó máa ń fi ìṣirò yẹ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò, kó ìwé ìtanràn tí wọ́n ń já fún àwọn tí ó gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi panápaná jọ, ó sì wá ibi tí owó náà ti ń wọlé jù. Ó bá ojú kan pàdé ní Forsyth Street tí ó ń mú owó tí ó lé ní 25,000 dọ́là wọ àpò ìjọba lọ́dọọdún. Ẹ wo bí ìbá ti rọrùn tó láti sọ pé àwọn awakọ̀ àdúgbò náà lórí kunkun! Nígbà tí ó wo ibẹ̀ dáadáa, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni ó wà láàárín ẹ̀rọ omi náà àti ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, kò sì sí ohun tí ó lè jẹ́ kí awakọ̀ fura pé òun ń rúfin. Lẹ́yìn tí ó gbé e jáde ní ọdún 2014, ìjọba ìlú tún ọ̀dà ojú ọ̀nà náà kùn. Ìwà àwọn tí ó ń já ìwé ìtanràn àti ọ̀dà tí kò ṣe tààrà ni máàpù yẹn fi hàn, kì í ṣe ìwà awakọ̀. Boston náà ní irú rẹ̀: wọ́n ṣe ètò kan tí fóònù inú ọkọ̀ fi ń jíṣẹ́ ihò ojú ọ̀nà fún ìjọba fúnra rẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé àdúgbò àwọn tí ó ní ọkọ̀ àti fóònù olówó gọbọi ni ìròyìn yóò ti máa wọlé jù, bíi pé ọ̀nà àwọn tálákà kò ní ihò.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sí Nàìjíríà. Òótọ́ ni ẹ sọ nípa ìkànìyàn. Ti ọdún 2006 ni a ṣì ń lò, èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023 ni wọ́n sún síwájú. Kódà nígbà tí ti 2006 ṣì jẹ́ tuntun, Àjọ Ìkànìyàn sọ pé àwọn 9,113,605 ni ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì sọ pé iye tí àwọn kà lé ní mílíọ̀nù 17. Owó tí ó ń ti Àbújá wá àti ìjókòó nílé aṣòfin wà lórí iye èèyàn, ẹ kò sì ní ṣàìmọ̀ pé ẹni tí ń kà lè ní ohun tí ó ń lé. Kì í ṣe àwa nìkan ni ó sì ń ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń sọ kiri ayé pé mílíọ̀nù kan èèyàn ni ó ń gbé Kibera, àdúgbò àwọn tálákà kan ní Nairobi, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Kenya kà wọ́n ní ọdún 2009, nǹkan bí 170,000 ni wọ́n bá níbẹ̀.

Kódà bí ìkànìyàn tuntun bá jáde lọ́la, kò ní wúlò fún ṣọ́ọ̀bù yín tó bí ẹ ṣe rò. Ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n máa ń kó iye èèyàn jọ sí kí wọ́n tó gbé e jáde, bẹ́ẹ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé tí Mọ́níyà wà bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ìgboro lọ dé inú oko. Bí a bá da èèyàn Ọjọ́ọ̀ pọ̀ mọ́ ti abúlé tí kò ju agboolé mélòó kan lọ, tí a sì fi àwọ̀ kan ṣoṣo kun gbogbo rẹ̀, àwọ̀ náà kò bá ìkankan nínú wọn mu.

Ọmọ yín lè rò pé àkọsílẹ̀ INEC yóò ṣe é, torí pé ó dé ojú àdúgbò. Ibùdó ìdìbò wà káàkiri, àjọ náà sọ wọ́n di 176,846 ní ọdún 2021 láti 119,974, nítorí pé àwọn àdúgbò tuntun kò ní ibùdó tí ó tó. Pé wọ́n ṣí ibùdó tuntun síbì kan jẹ́ àmì pé àdúgbò náà ń dàgbà. Ṣùgbọ́n iye orúkọ tí ó wà lábẹ́ ibùdó kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ibi tí èèyàn ti gba káàdì ni ó sọ. Ẹ wo àwọn oníbàárà yín tí wọ́n kó kúrò ní Bẹẹrẹ tàbí Mọ́kọ́lá wá sí ọ̀dọ̀ yín: mélòó nínú wọn ni ó ti lọ yí ibi ìdìbò rẹ̀ padà? Lójú INEC, ilé àtijọ́ ni wọ́n ṣì wà.

Máàpù iná òru ni n óò ní kí ẹ jìnnà sí jù. Sátẹ́láìtì, ẹ̀rọ tí ń yí ayé po lókè tí ó sì ń ya fọ́tò ilẹ̀, èyí tí wọ́n sábà máa ń lò fún un ń kọjá lórí ibì kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀ òru. Ní àkókò yẹn, Ọjà Bódìjà ti pa, ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́, àdúgbò tí NEPA mú iná wọn lọ sì dúdú bí igbó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ohun tí ó ń tàn ni iná ojú títì, ilé-iṣẹ́ ńlá, àti àwọn àdúgbò tí iná wọn dúró. Ẹni tí ó ń ta ẹ̀rọ amúlétutù lè rí nǹkan mú nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń ta sìmẹ́ǹtì kò lè rí nǹkan kan.

Máàpù ilé ni ó kù, èyí tí ó kàn yín gan-an. Àwọn òṣìṣẹ́ Google ní Accra ni wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa dá ilé mọ̀ nínú fọ́tò sátẹ́láìtì, wọ́n sì gbé èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù 500 ilé ní Áfíríkà jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2021. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé òmíràn jáde tí ó fi bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i hàn láti ọdún dé ọdún, láti 2016 dé 2023. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ta ohun ìkọ́lé mọ ohun tí àwọn tí ó ṣe é lè má rò: láti òkè, òrùlé ni ilé. Ẹni tí ó ń kọ́lé n'Ìbàdàn yóò ra yanrìn, yóò ra sìmẹ́ǹtì, yóò fi búlọ́ọ̀kù ga dé lẹ́ńtẹ̀, yóò sì lè fi í sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí owó páànù tó jáde. Nígbà tí òrùlé bá fi máa hàn kedere lójú sátẹ́láìtì, ọ̀pọ̀ nínú sìmẹ́ǹtì, ọ̀pá irin àti páànù ilé yẹn ti tà tán. Bí ẹ bá lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ibi tí òrùlé ti pọ̀ jù, ọ̀dà, táìlì àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ni wọn yóò máa wá béèrè lọ́wọ́ yín.

Nítorí náà, ẹ má wo ibi tí ilé pọ̀ sí, ibi tí ó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ ní kí ọmọ yín gbé ti 2018 àti ti 2023 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó wá ojú ọ̀nà tí òrùlé ti ń tẹ̀lé ara wọn wọ inú oko, kí ẹ sì máa wo iwájú ibi tí wọ́n dúró sí. Kí ẹ sì rántí pé òrùlé kò dọ́gba. Abẹ́ òrùlé kan ní Ọjà'ba lè gba ìdílé mẹ́fà, ti Bódìjà lè jẹ́ ti tọkọtaya arúgbó kan, òrùlé gígùn tí ó dá wà ní ọ̀nà oko sì lè jẹ́ ilé adìẹ.

Ojú ibi tí ó ṣófo lórí máàpù náà nílò ìbéèrè, gẹ́gẹ́ bí ilé ìpọntí Broad Street. Láàárín Ọjọ́ọ̀ àti Mọ́níyà, máàpù yóò fi àyè ńlá kan hàn yín tí ilé kò pọ̀ nínú rẹ̀, tí àlejò lè pè ní ilẹ̀ tí ó ń dúró de àwọn akọ́lé. Ilẹ̀ IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ni, 1,000 hẹ́kítà, láti ọdún 1967, kò sì sí ẹni tí yóò ra búlọ́ọ̀kù kan láti fi kọ́lé síbẹ̀. Àyè tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń tẹ̀lé odò lọ náà kì í ṣe àǹfààní. Ìbàdàn kò gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti ọdún 1980, ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 náà sì pa èèyàn tí ó lé ní 100. Bí ọmọ yín bá gbé ìlà odò lé orí máàpù ilé, ẹ ó rí ibi tí àwọn èèyàn ti ń kọ́lé wọ inú ọ̀nà omi. Ẹ lè tà fún wọn, ìyẹn wà lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ má kọ́ ilé ẹrù sìmẹ́ǹtì yín síbẹ̀.

Àkọsílẹ̀ kan sì wà tí kò sí ìjọba tàbí Google kankan tí ó ní i. Ìwé rìsíìtì yín ni, pàápàá èyí tí ẹ kọ ibi tí ọkọ̀ yóò já ẹrù sí sínú rẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ yín to ibi tí ẹ gbé sìmẹ́ǹtì lọ lọ́dún tí ó kọjá sórí máàpù, kí ó ya ti sìmẹ́ǹtì sọ́tọ̀ kúrò lára ti páànù, nítorí pé ibi tí sìmẹ́ǹtì ń lọ tí páànù kò tíì máa lọ ni ilé ti ń bọ̀. Kí ó yọ orúkọ oníbàárà kúrò kí ó tó fi hàn ẹnikẹ́ni. Ní New York, wọ́n fi àkọsílẹ̀ ìrìn takisí ti ọdún 2013 síta pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n rò pé àwọn ti fi pamọ́, kò sì pẹ́ rárá tí ẹnì kan fi tú gbogbo rẹ̀ síta.

Ìwé rìsíìtì náà ní àbùkù tirẹ̀, torí pé àwọn tí ó ń rà lọ́wọ́ yín nìkan ni ó mọ̀. Àwọn tí ọ̀dọ̀ yín jìnnà sí jù, tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí wọ́n sì lè jẹ́ àwọn tí ṣọ́ọ̀bù kejì yóò ṣiṣẹ́ fún gan-an, kò sí nínú rẹ̀. Láti mọ̀ wọ́n, ẹ mú ojú ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta tí máàpù òrùlé àti ìwé rìsíìtì jọ tọ́ka sí, kí ẹ sì rán ẹnì kan lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, nígbà tí àwọn onílé máa ń wà níbi iṣẹ́ wọn. Kí ó ka ọkọ̀ yanrìn tí ó bá wọlé, kí ó ka ìpìlẹ̀ tí wọ́n ti fà àti ilé tí ó ti dé lẹ́ńtẹ̀ tí kò tíì ní òrùlé, kí ó sì bi àwọn bíríkìlà ibi tí wọ́n ti ra sìmẹ́ǹtì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn àti iye tí wọ́n fi gbé e débẹ̀. Owó ọkọ̀ yẹn ni kí ẹ fi wé owó tí ẹ ó fi yá ṣọ́ọ̀bù. Ètò kọ̀ǹpútà tí ọmọ yín nílò fún ìyókù ni QGIS, ọ̀fẹ́ ni, máàpù ojú ọ̀nà sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí OpenStreetMap. Ojú ọ̀nà tí wọn kò bá tíì yà síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ lè yà á sí i lọ́jọ́ tí ó bá bá ẹni tí ẹ rán lọ.